Ọ̀pá Ni Tíkẹ́ẹ̀tì Wọn

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba tó wà ní Bódìjà, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí èmi àti ọkọ mi ti ń rìn níbẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀gbà ló mú wọn ní apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Dókítà sọ fún wa pé oògùn ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe, pé ìrìn ló kù, lójoojúmọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Agbowó là ń gbé. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: gọ́tà lọ́tùn-ún, ọ̀kadà lósì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré lọ sí kíláàsì láàárín. Nítorí náà, tí a bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, a máa ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ọgbà náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pá tí wọ́n ń lò, ó sì wọ́ díẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀pá náà ti ara wọn, èmi á di apá kejì mú, a ó rìn láti géètì títí dé ìdí igi fúrúùtù ńlá kan, ká tó yí padà.

Lọ́jọ́ Ajé kan la bá tábìlì àti àga lẹ́nu géètì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀, tó máa ń kí wa bí ẹni tó ń kí òbí rẹ̀, dìde, ó ń họ orí. Ó ní àṣẹ ti dé, pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ra méjì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, mo ti mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ tí mò ń gbà kò lè gbé e, nítorí oògùn ti wà níbẹ̀ ṣáájú.

Mi ò bá owó náà jà o. Kí wọ́n tó máa gbà á, koríko ibẹ̀ dé orúnkún, ilé ìgbẹ́ ibẹ̀ kò ṣeé wọ̀, àfọ́kù ìgò sì ti gé ọkọ mi lẹ́sẹ̀ rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gé koríko, omi sì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo rí i, mo sì dúpẹ́. Kò kàn sí lápò mi ni.

Ọkùnrin géètì pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní àlàfo kan wà lára ògiri ọgbà náà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí, pé ká máa gba ibẹ̀ wọlé kí ọ̀gá tó dé. Àánú wa ló ṣe é. Ọkọ mi ti ń yí ọ̀pá sí ọ̀nà ibẹ̀.

Mo ní, “Rárá. Gbogbo ìṣísẹ̀ tí ẹ bá gbé ni mo fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ lórí èyí tí a jí?”

“Ẹsẹ̀ tèmi ló kú,” ni ọkọ mi wí, “ẹ̀rí-ọkàn tìẹ ló ń rìn kiri.”

Òótọ́ ni. Ilé-ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí ló tọ́ mi. Nínú ìjọ wa nígbà náà, ẹni tí kò bá rí owó dá fún iṣẹ́ ilé Olúwa á máa wá gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní Sátidé, wọ́n á sì ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó dá owó. Ìyá mi gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú ò sì tì wá. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Mo ra ìgbálẹ̀ tuntun, mo gbé e lọ bá ọ̀gá ọgbà náà ní ọ́fíìsì.

Obìnrin ni, kò tíì tó àkọ́bí mi. Ó fún mi ní àga, ó gbọ́ mi títí, lẹ́yìn náà ló wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi.

“Màmá, àwọn obìnrin mẹ́ta ló ń gbálẹ̀ níbí. Tí ẹ bá ń bá wa gbá a lọ́fẹ̀ẹ́, èwo nínú wọn ni kí n ní kó máa lọ?”

Mo gbé ìgbálẹ̀ mi lọ sílé. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, èrò kan bi mí ní iye tí mò ń tà á.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni ọkọ mi ti wá ń rìn, láàárín ike omi àti sítóòfù àwọn ayálégbé. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ àdúrà ni mo ti ń gbọ́ ìró rẹ̀. Mo pinnu pé n kò ní dákẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń padà lọ sí ọ́fíìsì yẹn. Mi ò sunkún, mi ò pariwo. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń sọ: kí ẹni tó ní máa san, kí wọ́n sì wá àyè fún ẹni tí ìrìn jẹ́ oògùn fún. Nígbà kẹrin, ọ̀gá náà ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó jókòó. Ó ní àwọn tó ju òun lọ ti gbà: láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀, ẹni tó bá ń fi ọ̀pá rìn, àti ẹnì kan tó bá dì í mú, kò ní sanwó.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ni tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ọkùnrin géètì á kọ́kọ́ kí ọ̀pá, kó tó kí ẹni tó ni ín. Òjò rọ̀ títí, ó dá, ọyẹ́ dé. Ọlọ́run ń wo ẹsẹ̀ náà sàn díẹ̀díẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, a sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ọkùnrin náà sì wo ọkọ mi lókè nílẹ̀.

“Bàbá, ọ̀pá dà?”

Ọkọ mi wo ọwọ́ wọn méjèèjì. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti gbàgbé rẹ̀ sílé. Wọ́n ní ká padà lọ gbé e. Ọkùnrin géètì ní eré lòun ń ṣe, ká wọlé.

Mo ti ṣí pọ́ọ̀sì mi. Mo ní, “Ẹ já méjì fún wa.”

“Owó ẹran ọbẹ̀ ọ̀la nìyẹn o,” ni ọkọ mi wí.

Mo ní mo mọ̀. Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì kan sí wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ìka náà sì pa dé mọ́ ọn. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn wọn ni mò ń bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta náà ń gbá ewé gbígbẹ jọ lábẹ́ igi fúrúùtù. Mo kí i kú iṣẹ́. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ mi lè kọjá.