Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Dáhùn Ìbéèrè

Ọjọ́ tí a ṣe ìdíje ìmọ̀ gbogbogbòò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlọra kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Mo jókòó ti Màmá àgbà, ìyá bàbá mi, tí wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti kọlù wọ́n.

Tíṣà tó ń darí ìdíje náà béèrè ẹranko tó ń ru ẹrù, ohun tó ń tàn lójú ọ̀run lálẹ́, àti ẹni tó ń da àgùntàn. A dáhùn pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìràwọ̀, olùṣọ́-àgùntàn.

"Kí ló wá so wọ́n pọ̀?"

Ohùn kan dáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi:

"Eré Kérésìmesì ni!"

Màmá àgbà ló sọ̀rọ̀! Bàbá mi, tí wọ́n jókòó lẹ́yìn wa, bú sẹ́kún ayọ̀. Mo dì mọ́ Màmá àgbà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa kò ti dákẹ́ mọ́.