Ta Ni Yóò San Àáró Katakata?

Òórùn epo dísù ló kọ́kọ́ wọlé bá mi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi, níbi tí Àkúrẹ́ ti ń tán lọ tí ọ̀nà Ìlú-Àbò sì ti ń bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà, ni ọkọ̀ akẹ́rù kan bá dúró síwájú ilé. Katakata kékeré kan wà lórí rẹ̀, pupa fòò. Wọ́n fi okùn dì í níwájú, wọ́n dì í lẹ́yìn, wọ́n sì ti igi bọ abẹ́ àwọn táyà rẹ̀ kó má baà yí. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi lè rò pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ni ín sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò àti bàtà òjò. Dámilọ́lá ni awakọ̀ ń pè é. Ọ̀nà tó lọ sí oko rẹ̀ kò gba ọkọ̀ ńlá, ẹ̀gbẹ́ ilé mi ló yẹ kí wọ́n ti sọ katakata náà kalẹ̀ kó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé oko. Àmọ́ ọ̀kan nínú pákó méjì tí wọ́n fẹ́ kó gbà sọ̀ kalẹ̀ ti dá sí méjì. Awakọ̀ ń yí ọkọ̀ po, ó ń họ orí. Èmi náà dìde, nítorí nǹkan kì í ṣẹlẹ̀ níwájú ilé mi kí n má yọjú. Bí mo ṣe dé ẹnu géètì, òórùn dísù yẹn kún imú mi, mo sì di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án padà.

Ìlú-Àbò ni mò ń gbé nígbà náà, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó ní oko iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó sì wà nínú àáró. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Obìnrin márùn-ún ni wọ́n: Ìyá Àgbà, Ìyá Bọ́lá, Ìyá Dúpẹ́, Ìyá Sùnmọ́lá àti Ìyá Títí. Lónìí gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn ó di oko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Wọn kì í san owó. Ọjọ́ ni wọ́n ń yá ara wọn. Ẹni tí wọ́n bá wá ṣiṣẹ́ fún á gúnyán fún wọn, ẹni tí kò bá sì san ọjọ́ padà ti yọ ara rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọkùnrin máa ń sọ pé ebè kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, àmọ́ nínú àwọn tó ń sọ ọ́, n kò rí ẹni tó wá bá wọn kọ ọ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún Ìyá Àgbà wú. Kò lè bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kò lè kọ ebè. Àwọn mẹ́rin yòókù ní kó sinmi, àwọn á bá a ṣe oko rẹ̀. Ó kọ̀.

"Àáró kì í ṣe sàráà," ló wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a níbi tó ti ń fi epo nu ọkọ́ rẹ̀ láti gbé e sí àjà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí i kó sunkún rí, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Kì í ṣe iṣu ló ń pa á lẹ́kún, èèyàn lè ra iṣu lọ́jà. Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn ni, ẹ̀rín tí wọ́n jọ ń rín lóko, àti ibi tó máa ń jókòó sí láàárín wọn nídìí iyán. Ìyẹn ló fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyá Àgbà ní ọmọ àbúrò kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níṣẹ́ àgbẹ̀ nílùú Oǹdó. Bọ̀dá Tíṣà ni a ń pè é. Ó ti ra àlòkù katakata kékeré kan. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún, ó ránṣẹ́ pé òun á gbé e wá nígbà ìsinmi Àjíǹde. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ọkọ ti lọ," ló wí, "ọkọ́ ti wúwo, ọkọ̀ ló kù."

Ọkọ̀ tó ń kó gẹdú ló gbé e wá láti Oǹdó. Gbogbo wa tú jáde. Ìgbà náà ni wọ́n tó rántí pé orí òkè kan ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni wọ́n ti wà á wọnú ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó ronú bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó, òun náà ń wò wọ́n. Lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀, Bọ̀dá Tíṣà rí ọ̀gán ńlá kan tí ikán ti kọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá oko. Wọ́n gé orí rẹ̀ kúrò, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ tì í. "Ìdí rẹ̀ ló wúwo," Bọ̀dá Tíṣà ń pariwo, "ìdí gbọ́dọ̀ máa wà lókè!" Katakata náà kọjú síta, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí ilé ikán, a sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi kò jẹ́ kí Bọ̀dá Tíṣà sinmi. Mo bi í bóyá katakata ń mu omi, ó ní ó ń mu ún. Mo bi í ohun tó ń jẹ, ó ní dísù. Mo bi í bóyá ó gbọ́ Yorùbá àbí èdè Oǹdó nìkan, ó ní kí n lọ jókòó.

Nígbà tó wọ oko, kò tí ì lọ jìnnà tó fi kọlu kùkùté, tó sì dúró. Àwọn obìnrin mẹ́rin náà, tí wọ́n ní ìran lásán làwọn wá wò, bá mú àdá àti ọkọ́, wọ́n hú kùkùté náà, wọ́n hú òmíràn. Katakata ń lọ, àwọn ń ṣíwájú rẹ̀. Kí oòrùn tó kàn tàrí, ilẹ̀ Ìyá Àgbà ti tú pátá.

Ìyá Títí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, gbé ọkọ́ lé èjìká. "Ó parí náà nù un. Kí ni ẹni tó ní katakata tún fẹ́ fi wá ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wí i, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo la ẹnu, torí ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àárọ̀.

"Ìyá Àgbà, ta ni yóò san àáró katakata?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó wo katakata.

"Katakata kọ́ ló bá mi ṣe àáró," ló wí níkẹyìn. "Òun ni ọwọ́ mi lọ́dún yìí. Bí ọjọ́ mi bá ti kàn ní oko yín, òun ni màá rán. Uṣẹ́ ni uṣẹ́ ń jẹ́."

Bọ̀dá Tíṣà, tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, la ẹnu sílẹ̀. Àmọ́ ta ló tó dá Ìyá Àgbà lóhùn? Ó wà á lọ sí oko Ìyá Bọ́lá, ó wà á lọ sí ti Ìyá Dúpẹ́ àti ti Ìyá Sùnmọ́lá. Oko Ìyá Títí ló kù, òdìkejì odò ló sì wà, afárá igi ibẹ̀ kò lè gba katakata. Ìyá Títí ní òun ti fi í jì í. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà gbé àpótí ìjókòó lé mi lórí, ó mú ọ̀pá àti ọ̀bẹ, a sì rọra gba orí igi kọjá. Ó jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó ń gé ebu iṣu tí wọn yóò gbìn. Nígbà tí wọ́n bu iyán, òkèlè tó tóbi jù ni Ìyá Títí gbé síwájú Ìyá Àgbà.

Bọ̀dá Tíṣà gbé katakata rẹ̀ padà sí Oǹdó. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, orúnkún náà dá Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ kàn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí oko rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Mo tún bi í pé ta ni yóò san èyí.

"Ùwọ ni," ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń lọ kọ́ nígbà náà. Mo lọ, mo ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò san án. Gbogbo wọn ti kú tán. Ó ń dùn mí.

Ẹnu géètì ni mo ṣì wà. Mo nawọ́ sí òkìtì ilẹ̀ pupa tí àwọn kọ́lékọ́lé dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, tí òjò ti kì mọ́lẹ̀ le gbagidi. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ tì í, kí ìdí katakata sì wà lókè. Awakọ̀ wo irun funfun orí mi.

"Mà, ẹ ti wa katakata rí ni?"

"Rárá," ni mo wí, "mo kàn ti béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Dámilọ́lá kúnlẹ̀, ó ń ṣí báàgì. "Ẹ ṣeun gan-an, Mà. Kí ni ká fún yín?"

"Àáró ni."

"Àárò?" Ó wò mí tàánútàánú. "Àárò ta ló ń sọ yín, Mà?"

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í gbọ́. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun nìkan lòun ń dáko, àwọn ẹgbẹ́ òun ti lọ sí Èkó, àwọn tí òun sì ń fi fóònù pè wá ṣiṣẹ́ kì í sábà yọjú.

Ní ọjọ́ Sátidé, Dámilọ́lá tún gbé katakata rẹ̀ dé. Ó wá tú ẹ̀yìnkùlé mi, ó sì ṣe tán kí ẹ̀wà mi tó jinná. "A ti san án, Mà," ló wí. Mo ní òun ti san tirẹ̀, èmi ni mo ṣì jẹ gbèsè. Mo bi í ọjọ́ tó fẹ́ gbin iṣu.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo bá a lọ sí oko rẹ̀, ní òdìkejì odò níbi tí oko Ìyá Títí wà nígbà náà. Kọnkéré ni afárá ibẹ̀ báyìí, katakata sì gbà á kọjá láìwo ẹ̀yìn. Ọ̀gán kò sí mọ́, àwọn tó mọ ìtumọ̀ àáró kò tó nǹkan, orúnkún mi sì ti dà bíi ti Ìyá Àgbà. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣì lè jókòó. Mo gbé àpótí mi sábẹ́ igi, mo mú ọ̀bẹ. Nígbà tó pẹ́, Dámilọ́lá wá bi mí pé ta ni mò ń san án fún gan-an. Mo dárúkọ wọn fún un, mo ń gé ebu lọ: ti Ìyá Bọ́lá rèé, ti Ìyá Dúpẹ́ rèé, ti Ìyá Sùnmọ́lá rèé. Nígbà tó kan Ìyá Títí, mo gé tirẹ̀ tóbi díẹ̀.