Àmì Pupa Lára Ògiri Àlàájà

Bí wọ́n bá bi mí léèrè ibi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán, ilé ẹ̀kọ́ ni mo máa ń sọ. Irọ́ ni. Ara ògiri ìyá àgbàlagbà kan ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá odò, ni mo ti kọ́ ọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Inú ẹ̀sìteètì kan ní Ìkòsí là ń gbé, Mọ́mì mi sì ti pinnu pé lọ́yà ni mo máa dà. Èmi ò rí ti lọ́yà rò. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gun síkéètì, tí a jọ ń jó, tí a jọ ń fín ọ̀dà inú agolo sára ògiri káàkiri Kétu, àwọn ni ayé mi. Àmì ẹgbẹ́ wa kò ju ìlà méjì tó dábùú ara wọn lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà kan lábẹ́ rẹ̀. Lójú wa, kò sóhun tó rẹwà tó o.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, nígbà tí àdúgbò ti lọ kírun, olórí ẹgbẹ́ wa mú mi lọ sí Ajégúnlẹ̀. Ó ní ògiri funfun kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ọ̀dà pupa nìkan ló kù sínú agolo wa. Èmi ni mo kọ àmì wa sí i gàdàgbà, mo sì ń yangàn títí mo fi délé.

Ohun tí èmi ọmọ ẹ̀sìteètì ò mọ̀ ni pé ọ̀dà pupa, ìlà àgbélébùú àti nọ́ńbà ni ìjọba fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó lójú omi. Nígbà tí a padà lọ ya fọ́tò iṣẹ́ ọwọ́ wa lọ́jọ́ kejì, ẹrù la bá níta: bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò, ẹní ìkírun. Àlàájà onílé jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Ilẹ̀ bàbá ńlá wọn ni. Ayálégbé wọn, ìyá kan tí wọ́n ti jọ dàgbà nínú ilé náà, ti kó lọ láàárọ̀. Àlàájà ò sunkún. Wọ́n kàn ń fi etí ìró nu agolo mílíìkì kan, wọn ò dáwọ́ dúró.

"Guy, jẹ́ ká já," ni olórí wa wí. "Kò sẹ́ni tó rí wa."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe ìjọba. Èmi ni mo kọ ọ́. Eré là ń ṣe."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Eré ni, eré ni, alábọrùn ń dẹ̀wù. Lọ wá ọ̀dà wá."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kun ògiri yẹn. Ọ̀dà funfun ò lè borí pupa. Mo po eérú mọ́ ọn. Mo tọrọ ìsàlẹ̀ agolo ọ̀dà lọ́wọ́ àwọn tó ń kun géètì ní Owódé Onírin, àwọ̀ ewéko, búlúù, àwọ̀ erùpẹ̀. Àlàájà á jókòó lẹ́yìn mi.

"Mo ṣì ń rí i."

N óò tún kùn ún. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí wọn wọlé. Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó. Kò sí àmì níbẹ̀ mọ́, àwọ̀ lórí àwọ̀ ni. Mo bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ máa ṣe títí ayé nìyẹn.

Mo lọ bẹ ayálégbé náà. Wọ́n ní ọkàn àwọn ò lè balẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni mi ò rí ọ̀dà tí mo máa fi kùn.

Mo ń rọ irin báyìí, mo ń ya fọ́tò, mo ṣì ń jó, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí kò yàwòrán ohunkóhun ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí mo pàtẹ àwọn iṣẹ́ mi ní Gbàgádà, Àlàájà wá. Wọ́n dúró pẹ́ níwájú èyí tó tóbi jù.

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan, mà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Wọ́n mi orí. "Gbé e wá kọ́ fún mi. Yàrá ọ̀rẹ́ mi tó kó lọ yẹn, n ò tíì fún ẹnikẹ́ni."