Màrìwò Lẹ́yìn Ọkọ̀ Tíṣà

Èmi kì í lè jókòó sójú kan. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bí mi, kí wọ́n tó wẹ̀ mí tán ni mo ti ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jáde. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọkọ̀ fi bá mi lára mu. Ní Kétu, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọlọ́kọ̀ kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, mo ra bọ̀lẹ̀kájà àlòkù kan, mo gé pákó òrùlé rẹ̀ dànù, mo sì sọ ọ́ di agbọ́kọ̀. Ọkọ̀ tó bá kú sọ́nà, tàbí èyí tí láìsìnsì rẹ̀ ti parí, èmi ni n óò gbé e pọ̀n dé ilé tàbí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Mo ní pákó gbọọrọ méjì tí ọkọ̀ ń gùn lọ sókè, mo ní ṣéènì, mo sì ní irin ìfà kan tí mò ń fi ọwọ́ yí títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Àwọn kan máa ń fi okùn fa ọkọ̀. Èmi ò jẹ́ ṣe é. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ bá ń yí lórí títì, ìrìn ló ń rìn, ó sì gbọ́dọ̀ ní láìsìnsì, ìbáà jẹ́ okùn ló ń fà á. Ṣùgbọ́n bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kúrò nílẹ̀, ó ti di ẹrù nìyẹn, bí àpò gàrí. Ta ló ń bèèrè láìsìnsì lọ́wọ́ gàrí? Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí débi pé mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà kí wọ́n tó bi mí.

Bí mo ṣe ń sáré kiri yìí, Ìsẹ́yìn ni ìyá mi wà. Bí ará ilé kan bá ń bọ̀ l'Ékòó, ó máa ń ránṣẹ́ sí mi pé ìgbà wo ni n óò wá. Èsì mi kì í yí padà: ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀hún ti di ọdún méjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, tíṣà kan wá bá mi. Ìkòròdú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ Ìkòsì ni, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ó sì máa ń wá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run ti kú sọ́nà Ìkòròdú, lẹ́yìn Mile 12 díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, láìsìnsì sì ti parí láti oṣù mẹ́rin. Ó ní kí n bá òun gbé e dé ilé ìyá òun, ó sì júwe ilé náà fún mi. A jọ lọ. Àwọn alágbàro tó wà nínú oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bá wa tì í, mo sì fi irin ìfà fà á gun ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Bí mo ṣe dè é tán, tíṣà kó ìdì ìwé kan jáde láti inú rẹ̀.

"Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ nìyí," ó ní. "Mo gbọ́dọ̀ kó o dé Ìkòròdú kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ dúró dè mí ní kọ́nà Ìkòsì ní Kétu. Ẹ má wọ Ìkòsì láìsí èmi nínú mọ́tò yín."

Mo rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, àbí ẹ rò pé n óò jí i gbé ni?"

Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ màmá mi lójú. Inú mọ́tò ni ẹ̀gbọ́n mi kú sí. Ẹ̀yìn lọ́rì ni wọ́n fi gbé mọ́tò yẹn wálé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún wọn. Èmi nìkan ló kù. Ojú mi ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni mo sọ.

Ní Mile 12, ọlọ́pàá kan dá mi dúró. "Driver, wetin be this? Láìsìnsì mọ́tò tó wà lókè yẹn dà?"

"Ọ̀gá, ẹrù ni. Ẹ wo táyà ẹ̀, kò kanlẹ̀."

Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó sì mi orí. "Okay, ẹrù ni. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ yọ síta. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ńkọ́? So àmì mọ́ ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ o ò lọ."

Aṣọ pupa ni mo máa ń so, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kò jìnnà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko! Ọ̀pẹ kúkurú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo yọ àdá, mo gé imọ̀ rẹ̀ tó tutù jù lọ, màrìwò gidi, mo so ó mọ́ ìdí ìjàpá náà ní kókó mẹ́ta. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ewé ni àmì ẹrù tó yọ síta. Àwọn onípákó ń ṣe é lójoojúmọ́. Pé màrìwò ni wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ tó bá gbé òkú, ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ló yá ju orí mi lọ.

Mo dé kọ́nà Ìkòsì, mo dúró. Mo ra ọsàn, mo mu ún tán. Mo tú ṣéènì, mo tún un dè. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo jáde, n kò rí ohun tí mo lọ wò níbẹ̀. Mo bi obìnrin ọlọ́sàn pé aago mélòó ló lù. Ó ní òun kò ní aago. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ọ̀nà Ìkòròdú bọ̀ ni mo ń na ọrùn wò. Wọ́n pe ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n kí i tán, àwọn èèyàn tú ká, tíṣà kò dé. Ara ń ta mí. Mo ní, ṣebí mo lẹ́nu? Bí mo bá débẹ̀, n óò ṣàlàyé fún màmá náà, wọn á fún mi lómi mu, n óò sì máa bá tèmi lọ. Mo ṣáná sí ọkọ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ ni ọ̀nà Ìkòsì nígbà náà, oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ lósì. Ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà. Mo juwọ́ sí i. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ gbé ọwọ́ lérí, mo sì rò pé ìjàpá aláwọ̀ ojú ọ̀run ló wù wọ́n. Kí n tó dé iwájú ilé tí tíṣà júwe, àwọn èèyàn ti ń sáré tẹ̀ lé mi, ariwo sì ti ṣáájú mi wọlé.

Ìyá náà jáde. Ó wo ìjàpá, ó wo màrìwò. Kò pariwo. Ó kàn jókòó sínú iyanrìn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì tú gèlè rẹ̀.

Mo bẹ́ sílẹ̀. "Màmá, ó wà láyè! Tíṣà ń bọ̀! Ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́!"

Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Nílẹ̀ wa, a kì í la ikú ọmọ mọ́ ìyá lórí. "Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀" là ń wí. "Ó ń bọ̀" là ń wí. Bí mo ṣe ń búra tó ni wọ́n ń mi orí tó. Obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra bi mí pé, "Uncle, mọ́ṣúárì wo lẹ gbé e sí?" Àgbà ọkùnrin kan ti yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n lọ wá tíṣà wá.

"Ohun tí dẹ́rẹ́bà ìjọ́sí náà sọ nìyẹn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n tíṣà kú," ó ní. "A ò rí i mọ́." Ó tọ́ka sílẹ̀. "Jókòó."

Mo jókòó. Èmi tí n kò lè dúró ní kọ́nà, mo jókòó kojú ìyá náà títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ó ń ki ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, oríkì tí ènìyàn fi ń jí ọmọdé láàárọ̀. Nígbà mìíràn á tẹ́tí, bí ẹni tó ń retí kí ọmọ dáhùn. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Ẹ̀rù tún bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ tí tíṣà bá wọ̀ bọ̀ má ṣe dànù, nítorí bí ó bá kú lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ti so màrìwò rẹ̀ dè é.

Ẹsẹ̀ ni tíṣà fi rìn wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn. Àwọn kan ké, àwọn kan sá. Ìyá rẹ̀ dìde, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Tíṣà wo gbogbo wa, ó wo màrìwò, ó wá wò mí. "Mo dé kọ́nà, n ò bá yín. Mo rò pé ọlọ́pàá ló mú yín. Gbogbo tééṣàn ni mo ti dé, láti Kétu dé Mile 12." Ó fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. "Ìkòsì ni n ò wá. Ṣebí mo ti sọ fún yín kẹ́ ẹ má wọ̀ ọ́ láìsí èmi."



Àwọn ọkùnrin fẹ́ nà mí. Ìyá náà ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. "Ìwọ lo so ó? Tú u." Mo lọ tú u. Kókó mẹ́ta tí mo fi ìkánjú ta kò fẹ́ tú. Ó dúró tì mí títí ewé tó kẹ́yìn fi já bọ́, kò fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá ẹ ńkọ́?" ó bi mí.

"Wọ́n wà ní Ìsẹ́yìn, Màmá."

"Ìgbà wo lo rí wọn gbẹ̀yìn?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. "Ó ti pé ọdún méjì, Màmá."

"Ilé onílé lo wá ń kánjú wọ̀," ó ní.

A gbé ìjàpá sọ̀kalẹ̀, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ mi padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fọ ọkọ̀ mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò níwájú lẹ́yìn pé kò sí ewé kankan lára rẹ̀, mo sì kọjú sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ìyá mi ń sá èlùbọ́ sórí àpáta lẹ́yìn ilé nígbà tó gbọ́ ìró ọkọ̀. Ó rí i pé èmi ni mo ń sọ̀kalẹ̀, láìránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì. Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀, mo na apá méjèèjì sí i.

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lérí, ó ní, "Ta ló kú?"