Àdúrà Ìparí Ìpàdé Owó-Orí

Lọ́dún tí òfin owó-orí tuntun dé, èmi tíṣà àlejò ní Òdìgbò ni mò ń gba ẹjọ́ ìjọba rò fún onílé mi, bí ẹni pé wọ́n háyà mi. Mo ní òfin náà yóò gba tálákà sílẹ̀, pé owó kéékèèké tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà ti dópin. “Ẹnu dùn ún ròfọ́, Tíṣà,” ni Bàbá onílé máa ń wí, á wá yà sí èdè Ìkálẹ̀ rẹ̀ kí n má baà mọ bí èébú tó kù ṣe tó.

Kòkó ló ń dùn ún. Àpò márùn-ún tó ti sá gbẹ wà lóko rẹ̀ lọ́nà Omífunfun, lódìkejì odò, òjò sì ti gbé afárá onípákó lọ. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú abà, wọn yóò bu. Afárá gidi wà o, nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀.

Ìjọba rán ọ̀gá kan wá ṣàlàyé òfin ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá nawọ́ láti béèrè afárá, ọ̀gá ní kò sí àyè ìbéèrè. Àṣìṣe tó wá ṣe ni pé ó ní kí àgbà kan fi àdúrà parí ìpàdé. Ta ló tó já lu àdúrà nílùú yìí? Bàbá ti dìde kó tó sọ ọ́ tán.

“Olúwa, a dúpẹ́ fún afárá tí ìjọba kọ́ léṣìí. A dúpẹ́ fún èyí tí wọ́n kọ́ lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, lójú ibi kan náà. La ojú wa kí a lè rí wọn.”

“Àmín!”

“Ẹni tó bá jẹ owó afárá, Baba, jẹ́ kó ru àpò kòkó gba orí afárá náà kọjá odò lónìí.”

Àmín ti ọ̀gá ló ròkè jù. Ó ti ṣe é tán kí ọ̀rọ̀ tó yé e. Mo bú sẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Nígbà tí odò fi fà, tí a ru kòkó kọjá, àpò méjì ti bu. A kó mẹ́ta tó kù lọ bá òǹrajà ní Ọ̀rẹ̀. A ò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí ọkùnrin kan tó ń gbowó lójú ọ̀nà ti já ìwé lé Bàbá lọ́wọ́, tó ní kó sanwó. Bàbá kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á: owó àtúnṣe afárá.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́, ó tọwọ́ bọ àpò, ó san án.

“Tíṣà,” ó ní, “àdúrà mi gbà. Wọ́n ti rántí afárá.”