Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ti Ń Dábùú Ojú Irin

Mojíre Fáníyì ti lé lọ́dún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ máàpù yíyà ní Ilé-Ifẹ̀ kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà wọ ọ́fíìsì wọn lọ́dún 1995. Ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ lórí ìlà, òun ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ tó bá díjú fún. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, ó kọ́ ọ bí ọmọ ilé ìwé, nítorí ọdún yẹn gan-an ló di opó, iṣẹ́ nìkan ni kì í bi í ní ìbéèrè.

Fúnṣọ́ ọkọ rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹdẹ, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé sí Òkèrèwè ní Ifẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá ojú irin lọ sí ilé ìwé, táyà iwájú há sáàárín irin. Kò fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni rélùwéè ká a mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adésọjí, ní kí Mojíre máa wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi bàálù yà láti òkè, kó máa kó gbogbo ibi tí ọ̀nà ti dábùú ojú irin sínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà méjì péré ló wà: ení fún ibi tí ọkọ̀ lè gbà, èjì fún ibi tí ọkọ̀ ò lè gbà. Ó ṣe é, ó ṣe é, ó kan Ẹdẹ. Ó rí ọ̀nà tóóró kan tó ti inú oko kòkó jáde, tó dábùú irin, tó kọrí sí ilé ìwé. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ti kọ ení sí i lórí àwòrán. Mojíre gbé àwòrán náà dìde.

Ó lọ bá ọ̀gá, ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ọkọ̀, èjì pàápàá kò sì bá a mu. Ibòmíràn wà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà láìséwu, ibòmíràn wà tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló yẹ kó gbà á. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹ̀ta kún un, fún ibi tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Ọ̀gá bi í pé báwo ló ṣe rí ìyẹn nínú àwòrán.

"Mo mọ ibẹ̀, sà. Ibẹ̀ ni ọkọ mi kú sí."

Adésọjí ní kó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Mojíre fi rìn láti Ẹdẹ dé Òṣogbo, tó ń wọn fífẹ̀ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tó ń bi àwọn àgbẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Níbi tí Fúnṣọ́ kú sí, ó jókòó sórí òkúta títí àwọn ọmọ ilé ìwé fi kọjá tán, kó tó kọ ẹ̀ta sílẹ̀.

Nígbà tí máàpù jáde lọ́dún 1997, àmì kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ fún gbogbo wọn. Wọ́n ní àmì mẹ́ta yóò kún ojú bébà jù. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi.

Mojíre mú ẹyọ kan lọ sílé. Ìyá Fúnṣọ́, tí wọ́n jọ ń gbé, ní kó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ; lójú Ìyá, bákan náà ni ibi tí ọmọ kú sí. Ìyá náà kò tíì dé Ẹdẹ látìgbà tí Fúnṣọ́ ti kú. Mojíre na ìka láti fi ibẹ̀ hàn án. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fi hàn mí. Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń gba ibẹ̀?"

"Wọ́n ń gbà á, Ìyá. Àwọn ọmọ tí Fúnṣọ́ kọ́ náà ń gbà á."

 Ìyá fúnra rẹ̀ ká bébà náà, díẹ̀díẹ̀. Omijé tí Ìyá kò da níjọ́ ìsìnkú ni Mojíre rí tó ń kán sórí ẹní.