Níkàníkà Bàbá Mi ní Asawase

Bí mo bá pa dà lọ sí àdúgbò tí mo gbé ní kékeré, tí mo ń kọjá ní Anloga Junction, tí òórùn dísẹ́ẹ̀lì bá pàdé òórùn àgbàdo lílọ̀, ẹsẹ̀ mi máa ń dúró. Bàbá mi ni mo máa ń rántí.

Ṣọ́jà ni wọ́n nígbà ogun Bọ́mà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ológun kan tó ti dípẹtà, wọ́n sì fi ṣe níkàníkà, ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin Asawase fi ń lọ àgbàdo. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, títí kan èmi ọmọ wọn.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ tí Bàbá pe Maame Akosua, aládùúgbò wa tó ń ta kẹ́ńkẹ́ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, tí wọ́n sì gbé irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì náà kó lè ṣiṣẹ́ lé obìnrin náà lọ́wọ́.

"Papa, me suro o." Maame Akosua ń sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn.

"Má bẹ̀rù. Fi gbogbo ara yí i."

Maame Akosua yí i, ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́. Wọ́n tún un yí, ẹ́ńjìnnì náà sì bú ramúramù. Ìyẹ̀fun tó wà lára ẹ̀rọ náà fò sókè, ó sì bo irun wa. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́, èmi nìkan ni mo ń bínú.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi kọ́ wọn?"

"Ẹ̀rọ tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ ọ́n tàn, òkú irin ni, ọmọ mi."

Mi ò tíì mọ̀ pé ìjọba ti ní kí àwa àlejò tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè máa lọ sílé, àti pé Maame Akosua ni Bàbá ń fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún.

Bàbá fà mí mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì. Àwa méjèèjì jókòó, à ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà, mo sì ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí wọ́n má tíì pa á.